Ọwọ́ Mẹ́ta Lára Ọmọ Kan

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi ohun tí mo kọ síbí wé ti àwọn tó kàwé. Kíláàsì mẹ́ta péré ni mo ṣe nílé, èdè Faransé ni wọ́n sì fi kọ́ wa. Ohun tí mo rántí nínú rẹ̀ kò ju bí wọ́n ṣe ń kí tíṣà lọ. Ìlọrin níbí ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ Yorùbá sílẹ̀, ní kíláàsì àwọn àgbà tí wọ́n máa ń ṣe lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Àìkú. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀rọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Ó sì máa ń nira fún mi láti sọ̀rọ̀ lójú èèyàn. Bóyá lórí ìwé yóò rọrùn díẹ̀.

Ṣábẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí àwọn Faransé ti jọba rí. Yorùbá là ń sọ níbẹ̀. Èyí ni mo gbọ́kàn lé nígbà tí mò ń bọ̀. Mo rò pé ibi tí wọ́n bá ti ń sọ èdè mi kò lè jẹ́ ìdálẹ̀. Ọjọ́ kìíní tí mo kí àwọn obìnrin méjì kan tó ń pọn omi lẹ́nu ẹ̀rọ, wọ́n wojú ara wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ohùn mi ń lọ sókè níbi tí tiwọn ti ń lọ sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní ọmọ Kútọnu. N kò dé Kútọnu rí láyé mi. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní kò síyàtọ̀.

Ilé kan ní àdúgbò Basin, ní Ìlọrin, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Alhájà ni ìyá ilé. Ọmọkùnrin rẹ̀ ń wa mọ́tò láti Ọ̀fà Garage lọ sí àwọn ìlú ìhà gúúsù, kì í sì í sùn sílé ju ọjọ́ méjì lọ lọ́sẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, tí mò ń pè ní Àǹtí, ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ rírán ní àdúgbò Ṣàngó. Àwọn méjèèjì ló bí Hálímà, ọmọ oṣù márùn-ún nígbà náà, nítorí rẹ̀ ni wọ́n sì ṣe gbà mí. Orúkọ ìyá Alhájà ni wọ́n sọ ọmọ náà, nítorí èyí Alhájà kì í dárúkọ rẹ̀. “Ìyá mi” ló ń pè é.

Ilé náà kò burú. Wọn kò lù mí rí, ohun tí wọ́n bá jẹ ni mo ń jẹ. Ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣọ́ mi. Kí Alhájà tó lọ síbi wáàsí, á kọ́kọ́ fi èédú fa ìlà tín-ín-rín sára kéègì òróró, bó bá dé, á bẹ̀rẹ̀, á wò ó. Èmi náà ń ṣọ́ wọn. Mo ní bí mo ṣe máa ń so ẹnu àpò mi: ẹ̀ẹ̀mejì, kí kókó rẹ̀ kọjú sí ọwọ́ òsì. Bí ẹlòmíràn bá tú u, kò ní mọ̀ ọ́n so padà bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí mo ti ibi ẹ̀rọ ìlọta dé, mo bá kókó náà lọ́wọ́ ọ̀tún. Kò sí ohun tó sọnù nínú àpò. Èyí gan-an ló bà mí lẹ́rù. Olè á mú nǹkan. Ẹni tó tú àpò tí kò mú nǹkan kan, kí ló ń wá?

Ẹ má rò pé inú ìbẹ̀rù nìkan ni mo wà. Ọjọ́ kan wà tí mo ra wàrà lọ́wọ́ obìnrin Fúlàní kan nítòsí Ọ̀fà Garage. Ó bù ú fún mi, ó fi ènì sí i, a sọ̀rọ̀ nípa òòrùn, mo sì kúrò níbẹ̀ láìjẹ́ pé ó bi mí ní ibi tí mo ti wá. Mo rìn dé ilé kí n tó mọ̀ pé inú mi dùn. Bóyá ohùn tirẹ̀ náà kì í lọ síbi tí tiwọn ń lọ.

Ibẹ̀ náà ni mo tún ti rí ohun tó sọ mí di ẹni tó ń ṣọ́ra jù. Ọmọ Ṣábẹ̀ kan wà tó ń tọ́jú ọmọ nílé kan tí kò jìnnà sí wa. Ara ọmọ yẹn gbóná, wọ́n ní òun ló fún un ní nǹkan jẹ. Kí wọ́n tó mọ̀ pé ibà lásán ni, wọ́n ti lé e jáde. Mo bá a lórí ìdúró ní gáréèjì, ẹrù lórí, ojú rẹ̀ wú. Mo bi í bóyá wọ́n fún un lówó oṣù rẹ̀. Ohun tó sọ fún mi ni pé, “Má fọwọ́ kan ọmọ wọn kọjá ibi tí wọ́n bá ní kí o fọwọ́ kàn.” Mo mú ọ̀rọ̀ náà lọ sílé. Nílé wa, èmi nìkan ló ń ránṣẹ́ tí àbúrò mi fi wà nílé ìwé. Bí wọ́n bá lé mi, òun náà ni wọ́n lé.

Ooru wá dé. Ẹni tó bá mọ Ìlọrin mọ àwọn ọ̀sẹ̀ tí mò ń wí, nígbà tí òjò kò tíì bẹ̀rẹ̀, tí páánù òrùlé ń dún pa, pa, lọ́sàn-án bí ẹni ń ṣẹ́gi. Ara Hálímà sú. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn, níbi tí ẹran ara rẹ̀ ti ṣẹ́ lé ara wọn, ó sọ̀ kalẹ̀ sí àyà àti ẹ̀yìn, wínníwínní, ó pupa. Ọmọ náà kì í sùn mọ́. Èékánná ló fi ń họ ọrùn rẹ̀.

Alhájà pè mí, ó bi mí léèrè irú ọṣẹ tí mo fi fọ aṣọ ọmọ. Mo ní èyí tó wà nílé ni. Ó gbé ẹ̀wù kékeré kan sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀ títí. Nírọ̀lẹ́, Àǹtí bi mí bóyá kúrúnà ti mú mi rí nílé wa. Ó rọra bi mí, bí ẹni ń béèrè iye ọjọ́ orí mi. Ó ní kí n la ìka mi, ó sì wo àárín wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lábẹ́ iná. Kò rí nǹkan kan. Kò sì ní kí n má bínú.

Ìjà àwọn méjèèjì wá bẹ̀rẹ̀. Alhájà ní ewé ejìnrìn ni kí wọ́n fọ́ sómi fún ọmọ, ó ní ohun tí òun fi wẹ gbogbo ọmọ òun nìyẹn, awọ ara wọn ń dán bíi dígí. Àǹtí ní òun kò fẹ́ ewé tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìwọ̀n rẹ̀ lára ọmọ òun, pé òun á ra ìpara ní Ṣàngó. Alhájà ní ìpara tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn ńkọ́? Bàbá Hálímà ń fẹ́ lọ síbi iṣẹ́, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ìwọ náà, Ìyá Hálímà. Kí ẹnikẹ́ni má fi ohunkóhun pa ọmọ yìí lára. Omi lásán ni kí ẹ máa fi wẹ̀ ẹ́ títí n ó fi dé.”

Àwọn méjèèjì ní àwọn ti gbọ́. Ó wò mí. Èmi náà ní mo ti gbọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo ṣe é. Àǹtí wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, Alhájà ń kírun, ọmọ ń sunkún lọ́wọ́ mi títí ohùn rẹ̀ fi há. Nísàlẹ̀ àpò mi, òrí kan wà tí ìyá mi fi ewé wé fún mi. Òrí ni wọ́n fi ń pa wá lára nílé bí ara wa bá sú, bí ẹsẹ̀ wa bá sán, bí kòkòrò bá jẹ wá. Mo yọ́ ọ lórí àtẹ́lẹwọ́ mi, mo fi pa á lọ́rùn. Ó sùn. Mo jókòó tì í, mo ń wò bí àyà rẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò. Ó ti pẹ́ tí ohunkóhun ti gbọ́ràn sí mi lẹ́nu ní ilẹ̀ yìí, n kò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kejì, ó ti pupa sí i. Mo rò pé èmi ni. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo gbé ọmọ náà sún mọ́ imú láti mọ̀ bóyá òórùn òrí ṣì wà lára rẹ̀. Kì í ṣe òrí ni mo gbọ́. Ohun kan tó korò ni, bíi koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já. Alhájà ló wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀. Mo wo abẹ́ èékánná Alhájà nígbà tó ń gba ife lọ́wọ́ mi, àwọ̀ ewé wà níbẹ̀. Nígbà tí Àǹtí ti ṣọ́ọ̀bù dé, ó gbé ọmọ wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n jáde, ọmọ ń ta sánsán bí òdòdó.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe di ilé tí wọ́n ti ń fi imú kí ọmọ. Bí mo bá gbé e fún Alhájà, á kọ́kọ́ fi imú kan orí rẹ̀. Bí Alhájà bá gbé e fún Àǹtí, Àǹtí náà á ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ohun tó gbọ́. N kò lè tọ́ka sí ejìnrìn láìjẹ́ pé wọ́n bi mí léèrè òrí. Àwọn náà kò lè tọ́ka sí òrí. Mo máa ń ronú nígbà náà pé bóyá báyìí ni èèyàn ṣe ń di ará ilé: kí òun náà ní ohun kan tó ń fi pamọ́ fún wọn. Èrò náà kò tù mí nínú. Alẹ́ kọ̀ọ̀kan ni mò ń sọ pé n kò ní ṣe é mọ́, ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan tó bá ké ni mo tún ń ṣe é.

Ìyá mi pè mí lọ́jọ́ Ẹtì gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó bi mí bóyá mò ń jẹun. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bi mí bóyá wọ́n ń jẹ́ kí n sùn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá ní kí ló ṣe ohùn mi. Mo ní ara ọmọ ló sú.

“O ò fi nǹkan pa á lára, àbí?”

Mo ní rárá. Mo ń parọ́ fún ìyá mi lórí ohun tí òun fúnra rẹ̀ dì fún mi.

Ó ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọmọ ẹni là ń dá tọ́jú. Ọmọ ọlọ́mọ, à ń béèrè.”

Lọ́jọ́ karùn-ún, ẹ̀yìn etí Hálímà bẹ̀rẹ̀ sí í sun omi, ara rẹ̀ sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àǹtí kò lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá kan lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan, ọmọ wà lórí itan mi.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wá ti dàgbà, ó fi okùn so gíláàsì ojú rẹ̀ kọ́ ọrùn. Ó tú aṣọ ọmọ. Fìlà òwú wà lórí rẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, nínú ooru yẹn. Ó bọ́ gbogbo rẹ̀. Ó bi wá léèrè pé kí ni a fi ń pa á lára.

Alhájà ní, “Omi lásán.”

Àǹtí ní, “Omi ni, mà.”

Nọ́ọ̀sì wò mí, nítorí pé èmi ni mo gbé ọmọ wọlé. Mo ní omi ni.

Nọ́ọ̀sì dìde. Ó mú òwú funfun, ó rọra fi nu kọ̀rọ̀ ọrùn ọmọ, ó gbé e sí imú, ó wá tẹ́ ẹ sórí tábìlì níwájú wa. Òwú náà ti di àwọ̀ ewé, ó ń dán fún ọ̀rá.

Ó ní, “Omi Basin yìí mà lágbára o. Ó ní àwọ̀, ó ní ọ̀rá, ó tún ń ta sánsán.” Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní oògùn tí òun fẹ́ kọ fún ọmọ náà lè bá ohun tó wà lára rẹ̀ jà, pé bí a kò bá sọ ohun tó jẹ́, òun kò ní kọ nǹkan kan, kí a gbé e lọ síbòmíràn.

Alhájà yíjú sí mi. Àǹtí náà yíjú sí mi. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni, bí ìgbà tí wọ́n bá pe orúkọ mi. Mo mọ ìwò yẹn. Mo ti rí ibi tó ń parí sí, mo rí ẹrù lórí, mo rí gáréèjì. Mo lè sọ pé n kò mọ nǹkan kan, wọn ì bá sì lé mi bákan náà. Ọmọ náà di etí aṣọ mi mú, ó ń fi họ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Mo ní, “Òrí ni, mà. Èmi ni. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́rin.”

Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀. “Òrí nìkan?”

“Èmi, òrí nìkan.”

Bó ṣe gbọ́ “èmi” yẹn, ó gbójú sókè, ó wo àwọn méjèèjì, ó sì dúró, bírò lọ́wọ́. Àǹtí ló kọ́kọ́ ṣí báàgì rẹ̀. Ó yọ ìpara kan jáde, ó gbé e sórí tábìlì. Nọ́ọ̀sì kà á lójú kan, ó kà á lójú kejì, ó bi í bóyá ó mọ̀ pé ìpara tí àwọn àgbà fi ń bó ojú ni. Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní ẹni tó tà á fún òun ní gbogbo nǹkan ló wà fún.

Alhájà gbé orí sókè. Ó ní, “Tèmi kì í ṣe oògùn. Ewé ni.”

“Ewé wo, Alhájà?”

“Ejìnrìn.” Ó wo ọmọ náà. “Àti ọṣẹ dúdú díẹ̀.”

Nọ́ọ̀sì bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin mẹ́ta lẹ kó ogun ti ọmọ kan tí kò tíì hu eyín.”

Ohun tó sọ fún wa lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí mú lọ. Ó ní ooru lásán ló kọ́kọ́ sú sí ọmọ náà lára, ìbá sì ti lọ fúnra rẹ̀. Awọ ara tó sú ń fẹ́ èémí. Òrí tèmi dára fún awọ tó gbẹ, bíi ti ìgbà ọyẹ́, ṣùgbọ́n lórí ooru ńṣe ló ń dí ihò òógùn pa. Ọṣẹ dúdú máa ń ta ọmọ ọwọ́ lára, ti ìpara Àǹtí kò ṣeé sọ. Ó ní kí a máa fi omi tó tutù níwọ̀nba wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí a má fi kànìnkànìn gbo ó lára, kí a máa fi aṣọ òwú tẹ ara rẹ̀ gbẹ, pàápàá kọ̀rọ̀ ọrùn àti abẹ́ apá. Kí aṣọ rẹ̀ fúyẹ́ kó sì gbòòrò, kí a ṣan ọṣẹ kúrò lára aṣọ náà dáadáa ká tó sá a, kí a yọ rọ́bà tó wà lábẹ́ aṣọ ibùsùn rẹ̀, kí a gé èékánná rẹ̀. Kò sí àtíkè. Ó fún wa ní oògùn kan fún ẹ̀yìn etí nìkan. Ó ní bí ibà bá dé tàbí ọyún bá yọ, kí a má dúró kí ilẹ̀ mọ́. “Bí ẹ bá sì fẹ́ fi nǹkan kan pa á lára lọ́jọ́ iwájú, kó jẹ́ ohun kan, láti ọwọ́ ẹnì kan, kí àwọn yòókù sì mọ̀.”

Nínú kẹ̀kẹ́ tí a wọ̀ padà, Alhájà ń wo títì.

Ó ní, “Mo ti mọ̀ nípa òrí yẹn. Mo rí i nínú àpò rẹ. Mo ń wò ọ́ bóyá wàá sọ ọ́.”

N kò mọ ibi tí ẹnu ti wá fún mi. Mo ní, “Èmi náà gbóòórùn ejìnrìn, mà.”

Àǹtí bú sẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé lójú, ó yára fi gèlè bo ẹnu. Alhájà kò rẹ́rìn-ín. Kò sì sọ pé kí n pa ẹnu mọ́.

Nírọ̀lẹ́, Bàbá Hálímà pè láti ọ̀nà. Alhájà tẹ fóònù rẹ̀ kí gbogbo wa lè gbọ́. Bàbá Hálímà bi í léèrè pé kí ni wọ́n sọ nílé ìwòsàn, ta ló fi nǹkan pa ọmọ lára lẹ́yìn tí òun ti ní kí wọ́n má ṣe é. Mò ń to àwọn aṣọ ọmọ nígbà náà, mo dúró. Ọ̀rọ̀ kan péré ni Alhájà nílò, orúkọ mi, yóò sì jẹ́ òótọ́.

Alhájà ní, “Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni.”

Bàbá Hálímà ní, “Ẹ̀yin pẹ̀lú, Màmá?”

“Mo ní àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.” Ó pa fóònù. Lẹ́yìn náà ló wò mí, ó ní ọ̀rọ̀ tèmi ṣì wà nílẹ̀, pé bí ọmọ òun bá dé lọ́la, wọ́n á jókòó sọ ọ́. Kò sọ ibi tí yóò já sí. N kò béèrè.

N kò di ẹrù mi. N kò sì sùn púpọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọn kò tíì jí. Mo pọn omi, mo gbé abọ́ kúrò nílé ìwẹ̀ lọ sí àárín àgbàlá, níbi tí fèrèsé yàrá Alhájà àti ti Àǹtí kọjú sí. Mo gbé Hálímà jáde, mo gé èékánná rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bomi sí i lára, díẹ̀díẹ̀. Mo gbọ́ tí fèrèsé kan ṣí lẹ́yìn mi. Nígbà tó ṣe, èkejì ṣí. Mo tẹ ọrùn rẹ̀ gbẹ, mo tẹ ẹ̀yìn etí rẹ̀ gbẹ, n kò sì yíjú wo ẹni tó ń wò mí.